Epo Tí Merv Rà ní Wirrabin

GBÀÀÀ!

Ìbọn dún nínú ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ilé epo Wirrabin. Gíláàsì fọ́ yángá, gbogbo àwọn tó ń pariwo orúkọ ẹṣin sì pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kò dákẹ́. Ọjọ́ eré ìje ẹṣin ńlá ni, Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí gbogbo Ọsirélíà máa ń pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n á la ojú sílẹ̀ máa wo ẹṣin. Kò sí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Olè tó gbọ́n mọ̀.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, màá tú agbárí ẹ̀ ká!"

GBÀÀÀ! GBÀÀÀ!

Níta, níwájú pọ́ǹpù, Glenys Hatherly wà nínú mọ́tò tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó ń gé tòmátì sórí búrẹ́dì. Mọ́tò náà ni ilé wọn láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta: bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́, fíríìjì kékeré lábẹ́ fèrèsé, àga méjì níwájú. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ro ti ara rẹ̀ rárá.

"Merv!"

Merv dúró sínú oòrùn, ó mú ìdérí táǹkì dání, ó ń wo ilé ọtí náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀.

"Merv, wọlé! Wọlé kíá!"

"Mi ò tíì sanwó epo, Glen."

Kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ilẹ̀kùn ilé ọtí ṣí gbàgà! Ọkùnrin méjì já síta. Èyí tó ṣáájú ga, ó gbẹ, ó so ehín ajá igbó mọ́ ọrùn, ó sì gbé ìbọn kúkúrú dání. Èyí tó tẹ̀ lé e sanra, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó gbá àpò kan mọ́ àyà. Òkúta olówó iyebíye tí wọ́n ń pè ní ópààlì ló kún inú àpò náà, gbogbo èyí tí ọkùnrin tó ń jẹ́ Fekete rà lọ́wọ́ àwọn awakùsà láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá! Mọ́tò wa wà lẹ́yìn!" ni èyí tó sanra ń pariwo.

"Fi ìsọkúsọ sílẹ̀, Lyle! Gbogbo ọlọ́pàá ló máa wá mọ́tò yẹn. Èyí ni kó o wò!" Ó fi ẹnu ìbọn gbá ẹ̀gbẹ́ mọ́tò Glenys, gbà-gbà-gbà. "Ilé arúgbó lórí táyà! Ta ló ń dá àwọn arúgbó dúró lójú títì? Bàbá, wọlé síwájú. Ìwọ lo máa wà wá."

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni Merv bi í, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́.

"Àríwá! Ó yá!"

VRÚÙÙÙM! Mọ́tò fò sójú títì, búrẹ́dì àti tòmátì dà sílẹ̀, Glenys sì ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì.

Inú mọ́tò náà gbóná bí inú ààrò. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa. Ibẹ̀ ni òórùn náà ti dé imú Glenys, ó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ọdún gbọọrọ ni Merv fi wa tírélà. Gbogbo ọdún náà ni Glenys fi ń fọ epo dísù kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lára ìrọ̀rí, lára aṣọ ìnura. Bí wọ́n bá di ojú rẹ̀, ó máa mọ òórùn dísù.

Kì í ṣe dísù ló ń gbọ́ yìí. Pẹtiróòlù ni.

Ẹńjìnnì dísù ni mọ́tò yìí. Merv ti rọ pẹtiróòlù sí i, ó sì rọ ọ́ kún!

Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń háyà mọ́tò wá gbafẹ́ ń ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Merv! Merv lè rọ dísù lójú oorun. Bí Merv bá fa ọ̀pá pọ́ǹpù tí kì í ṣe tirẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí dókítà sọ ní Adelaide, ìlú wọn, ti dé nìyẹn.

Glenys ti ń bo àṣírí yìí láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí Merv kó bàtà rẹ̀ sínú fíríìjì, Glenys kó o jáde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Merv fi orúkọ àbúrò ara rẹ̀ tó ti kú pè é, ó jẹ́ ìpè náà. Ṣùgbọ́n Raelene, ọmọ wọn, kì í ṣe òmùgọ̀. Kí wọ́n tó kúrò nílé, ó na ìka sí ìyá rẹ̀: "Màmá, ẹ gbọ́ o. Bí Dádì bá tún ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́tò, mò ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́. Màá sì wá ilé àwọn arúgbó tó dáa fún wọn." Ilé àwọn arúgbó! Kí wọ́n mú ọkùnrin tó ti wa tírélà la gbogbo aṣálẹ̀ já, kí wọ́n tì í mọ́ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí!

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jáde. Merv fẹ́ tún rí àríwá lẹ́ẹ̀kan sí i, Glenys sì fẹ́ kó rí i nígbà tó ṣì lè mọ̀ ọ́n.

Àfi kí olè wá bá wọn nínú rẹ̀!

Dísù díẹ̀ ṣì wà nínú páìpù, ìyẹn ló ń gbé wọn lọ. Kò ní pẹ́ tán. Tó bá tán, ẹńjìnnì máa kú, olè máa bi Merv léèrè, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lyle, wò ó!" Ọ̀gá olè náà ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé fíríìjì Glenys. Strahan lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ehín-Ajá ni gbogbo ayé ń pè é. "Àwọn tó kù, mọ́tò asáré ni wọ́n fi ń sá. Èmi Ehín-Ajá, bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò tíì ni mò ń kó sá! Ṣé o rí i báyìí? Ọpọlọ nìyẹn!"

"Ọ̀gá mi, ẹ ò lẹ́gbẹ́!"

"Ọmọ mi," ni Merv pè láti iwájú, "ṣé ẹ ti jẹun? Glen, fún àwọn ọmọ yìí ní nǹkan jẹ. Oòrùn yìí kò dáa fún ẹni tó dúró lẹ́bàá títì."

Lyle wo ọ̀gá rẹ̀. Ó tún wo Merv.

"Ọ̀gá, ṣé orí bàbá yìí pé báyìí?"

"Orí ẹ̀ pé ju tìẹ lọ!" ni Glenys gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó pariwo. Ó ń bo ọkọ rẹ̀ níwájú olè! Ó wá ti di bárakú.

Ehín-Ajá rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ẹ fi í sílẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi wá ṣe. Mo fẹ́ràn bàbá yìí, kò bẹ̀rù ìbọn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí mọ́tò ọlọ́pàá níwájú, ó ń bọ̀ wá pàdé wọn.

Lyle wọ́ sábẹ́ tábìlì. Ehín-Ajá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu ìbọn kan Glenys ní ìhà. "Bàbá, máa wa mọ́tò ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá, tó o bá húkọ́ báyìí, wàá húkọ́ ẹ̀jẹ̀."

Sájẹ́ǹtì Voula Karras ló wà nínú mọ́tò náà, obìnrin kúkúrú tó ń ṣọ́ gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ yẹn lóun nìkan. Glenys rí ojú rẹ̀ kedere. Yíjú síbí, ni Glenys ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Jọ̀ọ́, arábìnrin mi, yíjú síbí!

Lójú títì yẹn, bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ́ gbé ìka kan sókè lórí sítíárì, òun náà á gbé tirẹ̀. Merv kò gbàgbé ìyẹn. Ó lè gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìyẹn! Ó gbé ìka sókè. Sájẹ́ǹtì gbé ìka sókè. Fúù! Wọ́n kọjá lára ara wọn.

Omi dà lójú Glenys.

"Haháà!" Ehín-Ajá fò dìde, ó fi ẹnu ko ehín tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ wò mí! Láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti fa ehín yìí lẹ́nu ajá igbó, kò sí ọlọ́pàá tó rí wa mú. Wọ́n á wò wá, wọn ò ní rí wa. Lyle, jáde lábẹ́ tábìlì, ojo ni ẹ́!"

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ọkàn àwọn ará ilé ọtí ti balẹ̀, wọ́n sì ti fi rédíò ránṣẹ́ sí Sájẹ́ǹtì: mọ́tò funfun tí arúgbó ń gbé ni kó wá!

WÍÍ-WÓÒ! WÍÍ-WÓÒ!

"Ó ti yí padà!" ni Lyle ké. "Ọ̀gá, ó ń bọ̀!"

"Tẹ̀ ẹ́, Bàbá! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Merv tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò náà ta, ó gbọn ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Kán! Kán! Kán-kán-kán! Èéfín bo títì lẹ́yìn wọn. Pù! Pù-ù! Pùùù...

Ó dákẹ́. Táyà yí díẹ̀ sí i lórí yanrìn pupa, òun náà sì dúró. Kò sí igi, kò sí ilé. Adágún iyọ̀ gbígbẹ kan ló tẹ́ sí apá ọ̀tún, funfun láúláú títí dé ibi tí ojú lè rí mọ.

"Ẹńjìnnì yìí kò ṣe báyìí rí," ni Merv wí. Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́.

Ehín-Ajá ti bẹ́ sílẹ̀. Ó fa ìdérí táǹkì yọ, ó ki imú bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Pẹtiróòlù! Pẹtiróòlù ló wà nínú mọ́tò dísù!" Ó wọ́ Merv jáde ní kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé e gún ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, gbìì! Ó fi ìbọn sí iwájú orí rẹ̀. "Bàbá! Kí lo rọ síbẹ̀?"

"Dísù."

"Mo ní kí lo rọ síbẹ̀!"

"Dísù ni, ọmọ mi. Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń rọ dísù." Merv wò ó lójú, ojú rẹ̀ mọ́ bí omi inú ife. Kò gbọ̀n, kò bẹ̀bẹ̀. Ohun tó dá a lójú ló ń sọ.

Ehín-Ajá wo ojú náà títí, ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ló rí.

"Haà! O mọ̀ọ́mọ̀ ni! O rí wa nígbà tá a ń wọ ilé ọtí tìbọntìbọn, o sì fọgbọ́n pa mọ́tò ẹ lẹ́nu mọ́ wa! Ṣé o rò pé wàá fi mí rẹ́rìn-ín lọ sílé?"

KÀKÌ! Ó kẹ́ ìbọn náà, ó fẹ́ yìn ín.

"Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é!"

Glenys ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti kó sí àárín ìbọn àti ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sókè. Ohun tó ti gbé mì láti ọdún tó kọjá bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo bẹ̀ ẹ́! Ara rẹ̀ kò yá! Ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ! Dókítà ti sọ ọ́! Kò mọ ohun tó rọ síbẹ̀, kò mọ̀ pé olè ni yín, kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́! Àìsàn ni! Má pa á nítorí àìsàn!"

Ọ̀rọ̀ náà lọ sórí iyọ̀ funfun yẹn, kò padà.

Merv yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Glen," ó ní, "ta lò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

Bí wọ́n bá yìnbọn fún Glenys nígbà yẹn, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

"Irọ́!" ni Ehín-Ajá ké. "Tọkọtaya alárékérekè! Ẹ mọ eré ṣe!"

Ṣùgbọ́n ó ti fi àsìkò ṣòfò. Mọ́tò Sájẹ́ǹtì ti dé, ó fi bíréèkì ya títì, kííííì! Voula Karras ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ tìbọntìbọn.

"Strahan! Ju ìbọn ẹ sílẹ̀! Mo mọ̀ ẹ́, mo mọ ìyá ẹ, mo sì mọ ibi tó o máa sùn lálẹ́ òní!"

"Wá gbà á lọ́wọ́ mi, kúkúrú!"

GBÀ! GBÀ! Gíláàsì iwájú mọ́tò ọlọ́pàá tú ká. GBÀÀ! Ìbọn Sájẹ́ǹtì dáhùn, iná ẹ̀yìn mọ́tò Merv fọ́. Glenys fa ọkọ rẹ̀ lulẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí. Lyle ju àpò òkúta sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ń sunkún.

"Èmi ò yìnbọn o, Àǹtí! Mi ò tiẹ̀ ní ìbọn!"

Ehín-Ajá gbá àpò náà, ó sá gba orí adágún iyọ̀. Ó ń sá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ehín ajá náà mú. "Ẹ ò lè rí mi! Ẹ ò lè..."

FÀÀ!

Èèpo iyọ̀ là lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé dé orúnkún. Ó fà á, èkejì tún wọlé. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà lábẹ́ iyọ̀ náà dì í mú. Ó yìnbọn sókè, GBÀ! Ó tún fà á, kẹ́! Ọta ti tán.

Sájẹ́ǹtì Voula kò tilẹ̀ sáré. Ó rìn lọ bá a jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le, ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́wọ́ bó ṣe dúró síbẹ̀.

"Mo rí ẹ, Ehín-Ajá," ó ní. "Mo rí ẹ dáadáa."

Àwọn ará ilé ọtí náà ti wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn dé. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì mú un kọjá níwájú Merv, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, ó dúró. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan, kí wọ́n má sọ pé ẹrẹ̀ ló mú un.

"Bàbá, ìwọ lo mú mi. Kì í ṣe kúkúrú yìí. Ọlọ́gbọ́n ló mú ọlọ́gbọ́n. Màá sọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀wọ̀n."

"Máa lọ dáadáa, ọmọ mi," ni Merv dá a lóhùn.

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí ẹnu ayé ṣe yá tó! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo Wirrabin ti gbọ́ pé arúgbó kan rí olè lójú fèrèsé, ó ronú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ pẹtiróòlù sínú mọ́tò dísù kí olè má baà lè sá jìnnà. Fekete wá dì mọ́ ọn. Àwọn awakùsà ra bíà fún un títí tábìlì fi kún. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ronú kàn án, ó rẹ́rìn-ín, kò dá wọn lóhùn, wọ́n sì ní ẹ wò ó, kì í fọ́nnu!

Sájẹ́ǹtì Voula na ọwọ́ sí Glenys. "Màmá, Lyle ti ròyìn ohun tẹ́ ẹ sọ fún ọ̀gá ẹ̀. Pé ọpọlọ bàbá ti ń lọ! Ẹ gbọ́n o! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà yín gbọ́!"

Glenys bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Raelene náà pè. Ó ń sunkún lórí fóònù. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ti ń rò pé ọpọlọ Dádì ti ń lọ. Èmi ni ojú yẹ kó tì. Ẹni tó lè ronú báyẹn! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wa mọ́tò wọn lọ, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́ láé."

Ohun tí Glenys fẹ́ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó kàn ní láti dákẹ́ ni.

Nev Pickett, tó ni ilé epo náà, wọ́ mọ́tò wọn padà sí Wirrabin, ó fa gbogbo pẹtiróòlù tó wà nínú táǹkì jáde, ó fọ páìpù, ó pààrọ̀ fílítà, ó dí ihò iná tó fọ́. Ó wá dúró níwájú èrò, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́! Táǹkì ọkùnrin yìí, èmi ni màá kún un! Kò ní san kọ́bọ̀! Merv, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá rọ ọ́ fúnra yín, kí àwọn ọmọdé lè rí bí akọni ṣe ń rọ epo!"

Wọ́n hó yèè! Merv gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì jáde síwájú tayọ̀tayọ̀. Ó ṣí táǹkì. Ó na ọwọ́ sí pọ́ǹpù. Ọwọ́ náà kọjá lára dísù láìdúró rárá, ó fa ọ̀pá pẹtiróòlù yọ, ó sì kì í bọ ẹnu táǹkì.

Ẹ̀rín! Ẹ̀rín tó mi òrùlé! Nev di ikùn mú. Fekete ń nu ojú. "Ó tún fẹ́ ṣe é!" ni ẹnì kan ń ké. "Ọkùnrin yìí á pa wá lẹ́rìn-ín!"

Glenys nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ó rọra gba ọ̀pá náà, ó gbé e padà sáyè rẹ̀.

"Glen," ni Merv sọ sí i létí, ó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, "kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ ni."

"Wọ́n dáa."

"Wọ́n dáa, olólùfẹ́ mi."

Glenys fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ dísù kún táǹkì. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò Merv, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Merv jẹ́ kó mú un. Èrò ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó jókòó sídìí sítíárì, níbi tí kò jókòó sí rí, tó sì dojú mọ́tò kọ gúúsù, ọ̀nà Adelaide, ọ̀nà ilé.

VRÚÙÙM. Ẹńjìnnì náà mú dáadáa.

Merv jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀ríntẹ̀rín. Mọ́tò kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, Merv gbé ìka kan sókè kí i. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí títì ti yà, Glenys rí i tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó ń fi í wá bíréèkì kiri níbi tí bíréèkì kò sí.